Ọkọ̀ Oníná: Apá Ta Ni Ó Ká A?

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ọkọ̀ ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí ó sì bi àwọn tí ń wọlé léèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ tí kì í mu epo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá tún lọ dúró sí ibi tí wọ́n ń gbà jáde, tí ó wo irú ọkọ̀ tí wọ́n rà, ẹnu yóò yà á. Ohun tí ó wu ọkàn lọ́tọ̀, ohun tí apá ká lọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti là á yé ni pé ìfẹ́ lásán kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọjà. Ìfẹ́ tí ó bá mú owó dání nìkan ni ọjà ń kà sí. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, àárín ìfẹ́ àti owó yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná há sí.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kò sì yẹ kí á dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ọkọ̀ oníná gan-an, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo rárá. Bátìrì ńlá kan ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, iná inú bátìrì náà ni ó sì ń yí táyà. Bí iná bá tán, ọkọ̀ dúró nìyẹn, àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ iná kí ó tún gbà sí i. Èkejì ni ọkọ̀ amúlùmálà tí a ń so mọ́ iná. Èyí ní bátìrì, ó sì ní ẹ́ńjìnnì àti táǹkì epo pẹ̀lú. Yóò kọ́kọ́ fi iná rin ogún máìlì tàbí ogójì. Bí iná bá tán, ẹ́ńjìnnì yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé kí iná má tán mọ́ òun lọ́wọ́ ní àárín ọ̀nà, irú ọkọ̀ yìí ni ó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ti ra ẹ̀rọ méjì pọ̀, owó ẹ̀rọ méjì ni yóò sì san.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi méjèèjì bọ́ sí ọjà Amẹ́ríkà. Nissan Leaf jẹ́ oníná gan-an. Bátìrì rẹ̀ gba kílówáàtì-wákàtí 24, ó sì lè rin nǹkan bí máìlì 73 kí iná tó tán. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 32,780. Chevrolet Volt jẹ́ amúlùmálà. Ó ń fi iná rin nǹkan bí máìlì 35 kí ẹ́ńjìnnì tó dìde, iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 41,000. Ní àkókò kan náà, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Volt ń ta ọkọ̀ epo kan tí ń jẹ́ Cruze. Ọmọ ìyá ni Volt àti Cruze ní ti egungun ara, ṣùgbọ́n nǹkan bí dọ́là 17,000 ni wọ́n ń ta Cruze tí owó rẹ̀ kéré jù lọ.

Ìṣirò tí ó wà nínú èyí kò le ju ti ọmọ ilé ìwé gíga lọ. Ẹni tí ó bá ń rin máìlì 12,000 lọ́dún, tí ọkọ̀ epo rẹ̀ ń rin máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù kan, gálọ́ọ̀nù 400 ni yóò rà. Ní ọdún 2011, gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ nǹkan bí dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ ní Amẹ́ríkà. Owó epo rẹ̀ fún ọdún kan yóò jẹ́ dọ́là 1,400. Bí ó bá jẹ́ Volt ni ó rà, tí ó sì ń fi iná nìkan rìn láti January títí dé December, nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 4,300 ni yóò lò. Ní sẹ́ǹtì méjìlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 516 ni. Èrè rẹ̀ lọ́dún kò tó dọ́là 900. Ìjọba àpapọ̀ sì ti bá a gbé dọ́là 7,500 nínú owó ọkọ̀ náà, èyí tí ó sọ 41,000 di 33,500. Síbẹ̀ Volt ṣì fi dọ́là 16,500 ju Cruze lọ. Kí èrè epo tó bo àlékún yìí, yóò lé ní ọdún méjìdínlógún. Ọkọ̀ mélòó ni ó ń pé ọdún méjìdínlógún lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á? Nígbà tí ó sì di ọdún 2016, tí epo wálẹ̀ sí dọ́là méjì lé díẹ̀, èrè ọdún kan náà kò tó dọ́là 400 mọ́.

Òǹrajà kì í jókòó ṣe ìṣirò báyìí lórí ìwé kí ó tó ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Nínú àdírẹ́sì tí Ààrẹ Barack Obama kà fún àwọn aṣòfin ní oṣù kìíní ọdún 2011, ó sọ pé kí mílíọ̀nù kan ọkọ̀ oníná wà lójú títì Amẹ́ríkà kí ó tó di ọdún 2015. Ọdún 2015 dé, iye náà kò tó ìdajì. Ọdún 2018 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí mílíọ̀nù náà tó pé.

Àwọn tí ó rà á nígbà náà kò rà á nítorí èrè epo nìkan. Àwọn kan fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ kí orílẹ̀-èdè wọn máa gbára lé epo ilẹ̀ òkèèrè. Ní California, ìjọba ìpínlẹ̀ fún irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní àmì tí ń jẹ́ kí ẹni kan ṣoṣo tí ó wà nínú ọkọ̀ máa gba apá ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Los Angeles, tàbí ní Èkó pàápàá, mọ̀ pé wákàtí kan lóòjọ́ lè níye lórí ju owó epo lọ.

Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ dọ́là 7,500 náà gan-an ni ó yẹ kí á tú wò, nítorí ó ní ọgbọ́n kan nínú tí ọ̀pọ̀ kò tètè fura sí. Kì í ṣe owó tí wọ́n kà lé ènìyàn lọ́wọ́. Inú owó orí tí ó yẹ kí onítọ̀hún san fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bí owó orí náà kò bá sì tó 7,500, ìyókù ti di òfo. Kí á fi olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ní ọmọ méjì, tí gbogbo owó orí rẹ̀ fún ọdún náà jẹ́ dọ́là 2,500. Dọ́là 2,500 péré ni ìrànwọ́ tirẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ń gbé ní òpópónà kejì, tí owó orí rẹ̀ tó dọ́là 60,000, yóò gba 7,500 láìku ẹyọ kan. Ọkọ̀ kan náà, ilé ìtajà kan náà, ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀ agbẹjọ́rò fi dọ́là 5,000 ra tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ẹni tí kò nílò ìrànwọ́ ni ìrànwọ́ pọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, Severin Borenstein àti Lucas Davis, yẹ àkọsílẹ̀ owó orí wò, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 2016. Bí a bá pín àwọn tí ń san owó orí sí ọ̀nà márùn-ún, láti orí ẹni tí owó ń wọlé fún jù títí dé orí ẹni tí ó kéré jù, ìdá kan tí ó wà lókè pátápátá ni ó gba nǹkan bí 90 nínú gbogbo 100 dọ́là tí ìjọba ná sórí ọkọ̀ oníná.

Àwọn kan lè wí pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, pé olówó náà ni í kọ́kọ́ ra ohun tuntun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù, bí ó ti rí pẹ̀lú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Òtítọ́ ń bẹ nínú àwíjàre wọn. Olówó tí ó ra Leaf àti Volt ní 2011 ni ó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa ṣe bátìrì lọ títí iye rẹ̀ fi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n dín owó orí olówó kù kí ó lè ra tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia fi bí ìfẹ́ àti owó ṣe so mọ́ra hàn ju ibòmíràn lọ. Atlanta, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùjókòó, ni olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Lórí ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, ìjọba Georgia tún ń yọ tó dọ́là 5,000 nínú owó orí ìpínlẹ̀ fún ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníná gan-an tàbí tí ó bá yá a lò. Ẹni tí ó bá yá Leaf lò fún ọdún méjì ní nǹkan bí dọ́là 200 lóṣù yóò san 4,800 lápapọ̀, ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ nìkan sì ti borí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Leaf kún ojú títì Atlanta. Ní oṣù Keje ọdún 2015, ìpínlẹ̀ náà mú ìrànwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì tún bu owó dọ́là 200 lọ́dún lé ọkọ̀ oníná lórí nítorí pé kì í san owó orí epo tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe. Láàárín oṣù díẹ̀, ọjà náà wó lulẹ̀. Kò ṣeé ṣe kí ìfẹ́ àwọn ará Atlanta sí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ yí padà ní òru ọjọ́ kan. Iye owó ni ó yí padà. Bákan náà ni ó rí ní Jámánì: ìjọba ibẹ̀ dá ìrànwọ́ dúró lójijì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọjà ọkọ̀ oníná tuntun sì fi 27 nínú 100 dín kù ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbìyànjú láti tún àléébù wọn ṣe. Òfin ọdún 2022 ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù: àpọ́n tí ó ń gbà ju dọ́là 150,000 lọ lọ́dún, tàbí tọkọtaya tí tiwọn ju 300,000 lọ, kò ní ìpín nínú rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ kékeré tí iye rẹ̀ bá ju 55,000 lọ kò wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó ra àlòkù náà lè gba tó dọ́là 4,000, bí ọkọ̀ náà kò bá ju 25,000 lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, òǹrajà lè gba ìrànwọ́ náà lójú ẹsẹ̀ nínú ilé ìtajà láìdúró de ìgbà tí wọn yóò ṣírò owó orí, àní bí owó orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ inú àpẹẹrẹ wa ìbá rí 7,500 tirẹ̀ gbà pé pérépéré nígbà náà. Àtúnṣe yìí dára, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Òfin tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2025 fi òpin sí gbogbo rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ sí ilé ìtajà kí ọjọ́ náà tó pé. Nígbà tí oṣù Kẹwàá wọlé, ilé ìtajà dá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ amúlùmálà tún ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tí ó pani lẹ́rìn-ín. Ní Netherlands, bí ilé iṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ ní ọkọ̀, owó orí wà lórí àǹfààní náà. Ìjọba wọn kéde pé ẹni tí ó bá gba irú ọkọ̀ amúlùmálà yìí kí ọdún 2013 tó parí yóò bọ́ lọ́wọ́ owó orí náà fún ọdún márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń du Mitsubishi Outlander ní ìparí ọdún náà nìyẹn, tí ó fi wà lára ọkọ̀ tí ó tà jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á kò so ó mọ́ iná bí ó ti yẹ. Kí ni wọn yóò so ó sí, nígbà tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ ni ó ń san owó epo wọn, tí iná ilé sì jẹ́ láti àpò ara wọn? Àyẹ̀wò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2024 láti inú ẹ̀rọ tí ń ka epo nínú ọkọ̀ fi hàn pé èéfín tí ọkọ̀ amúlùmálà ń tú jáde lójú títì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ̀bi. Ẹni tí ó rà á fún ìwé owó orí ni kò lò ó fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Nọ́wè ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí bí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí i. Ní ọdún 1989, Morten Harket àti Magne Furuholmen, àwọn olórin tí ó lókìkí nínú ẹgbẹ́ a-ha, pẹ̀lú ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká kan tí ń jẹ́ Frederic Hauge, gbé Fiat Panda kan tí wọ́n ti sọ di oníná wọ ìlú Oslo. Wọ́n ń wà á gba ẹnu ibodè ọ̀nà kọjá láìsan kọ́bọ̀, títí ìjọba fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn tí ó sì gbé e ta ní gbàǹjo. Ẹlẹ́yà ni ọ̀pọ̀ fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí ń wọ orílẹ̀-èdè náà kúrò lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó sì di 2001, ó yọ owó orí ọjà tí ó jẹ́ 25 nínú 100 kúrò pẹ̀lú. Ọkọ̀ epo ní tirẹ̀ ń san gbogbo rẹ̀, àti owó orí ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ti èéfín rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wọn wà gan-an nìyí, tí àwọn tí ń yìn wọ́n kì í sábà mẹ́nu bà: kì í ṣe pé wọ́n sọ ọkọ̀ oníná di ọ̀pọ̀, ọkọ̀ epo ni wọ́n sọ di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2024, nínú gbogbo 100 ọkọ̀ tuntun tí a tà ní Nọ́wè, ó lé díẹ̀ ní 88 tí ó jẹ́ oníná gan-an. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, owó epo rọ̀bì tí ó ń tà fún aráyé pọ̀ nínú àpò rẹ̀, omi tí ń ṣàn láti orí òkè ni ó sì fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tí a lè fà yọ níbẹ̀ láìka gbogbo ìyẹn mọ́ ọn. Àwọn náà sì ti ń dá owó orí ọjà padà díẹ̀díẹ̀: ní ọdún 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ra èyí tí ó ju 500,000 kúrónà wọn lọ, lórí àlékún náà.

Ní ti iye bátìrì, àyípadà náà pọ̀ ju ohun tí ìjọba kankan lè ṣe lọ. Ní ọdún 2010, kílówáàtì-wákàtí kan lé ní dọ́là 1,000. Ní ọdún 2024, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 115, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùṣírò BloombergNEF ti kà á. Bátìrì Leaf àkọ́kọ́ ìbá gba 24,000 dọ́là ní iye ti 2010. Ní iye ti 2024, kò ní tó 3,000. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fi èyí dá ọkọ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 2020 wọ́n gbé Wuling Hongguang Mini jáde ní yúánì 28,800, tí ó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 4,200. Kò tóbi ju àpótí lọ, bátìrì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí mẹ́sàn-án, kílómítà 120 ni ó sì ń rìn. Kò sí ẹni tí yóò gbé e ti ìlú kan dé ìlú kejì tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti ilé lọ sí ọjà, tí ń ti ọjà lọ mú ọmọ ní ilé ìwé, kí ni ó fẹ́ fi máìlì 300 ṣe? Bí a ti mọ là ń kú. Olongo kì í kú tìyan-tìyan. Mílíọ̀nù mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkọ̀ oníná àti amúlùmálà tí a tà ní Ṣáínà ní ọdún 2024, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ní gbogbo ayé.

Ìdènà kan ń bẹ tí iye bátìrì kò lè mú kúrò. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ àti gáréèjì tirẹ̀ yóò so ọkọ̀ mọ́ ògiri ní alẹ́, yóò sì sùn. Ẹni tí ó yá yàrá ní àjà kẹrin ilé onípele púpọ̀, níbo ni wáyà rẹ̀ yóò gbà dé ìsàlẹ̀? Iná ìta ni yóò máa rà, iná ìta sì wọ́n púpọ̀ ju ti ilé lọ. Èyí jẹ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré máa san owó tí ó pọ̀ jù lórí máìlì kan náà.

Èkó ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibi tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń dàgbà sí ni Èkó àti Kútọnu. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ nílẹ̀ yìí ń rà bí ó bá máa ra ọkọ̀ rárá. Ìwé ìdánilójú tí wọ́n kọ lé bátìrì lórí fún ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà kì í bá ọkọ̀ rékọjá òkun, mẹkáníìkì tí ó lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí ó sì sọ àìsàn rẹ̀ kò sì lè fi etí mọ bátìrì tí ó ti gbó, nítorí kò dún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé iye iná sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan fún àwọn tí ń rí iná tó wákàtí ogún lóòjọ́ ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, lítà epo kan ti kọjá náírà 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkọ̀ kékeré tí ń jó lítà mẹ́jọ lórí kílómítà 100 yóò ná 8,000 náírà. Ọkọ̀ oníná tí ń lo kílówáàtì-wákàtí 16 lórí ọ̀nà kan náà yóò ná 3,600. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí iná kò sí, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ni yóò fún un ní iná, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò sì jó tó lítà mẹ́jọ kí ó tó mú kílówáàtì-wákàtí 16 jáde. Epo kan náà, owó kan náà. Ariwo ni àfikún.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ibòmíràn ni wọ́n ti gbà á. Láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ tí ó wá ń jẹ́ Spiro ti ń kó alùpùpù oníná fún àwọn onízémíjàn. Wọn kì í ta bátìrì mọ́ alùpùpù, nítorí bátìrì ni ó gbówó lórí jù lára rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ ni bátìrì ń jẹ́. Bí iná bá tán, onízémíjàn yóò yà sí ibùdó kan, yóò fi èyí tí ó ti tán sílẹ̀, wọn yóò gbé èyí tí ó kún fún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná ọjọ́ náà ni yóò san owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san owó epo tẹ́lẹ̀, yóò sì gbé èrò rẹ̀ lọ.